Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aláṣẹ Adja-Ouèrè: ẹni tí wọ́n dín àpòlúkù rẹ̀ kù ń bọ̀ wá sílé

Sí Mẹ́ẹ̀rì Adja-Ouèrè àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Sí àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ẹkùn ìlera Pobè, Adja-Ouèrè àti Kétou. Sí àwọn baálẹ̀, ìyálọ́jà, àlùfáà àti pásítọ̀. Àti sí gbogbo ilé tó ní ọmọ ní ìdálẹ̀.

 

Ọ̀rọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá kò tíì wọ́pọ̀ lẹ́nu ará ìlú, àmọ́ ó ti ń wọlé bọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n sanra débi pé ara ti di ẹrù sí wọn lọ́rùn. Orúnkún kò gbé wọn mọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ìtọ̀ ṣúgà ti wọ̀ wọ́n lára, èémí wọn sì máa ń dá lójú oorun. Wọ́n ti dín oúnjẹ kù, wọ́n ti rìn títí, kò gbọ́. Irú wọn ni dókítà lè gbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń dín àpòlúkù kù. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní Adja-Ouèrè á forí lé ọ̀nà jíjìn: ìlú ńlá, Èkó, ilẹ̀ Faransé, tàbí Tùnísíà àti Tọ́kì tí ń gba ọ̀pọ̀ àlejò bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Iṣẹ́ abẹ náà kì í sábà ju wákàtí mélòó kan lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Gbogbo ọdún tó bá kù fún un láyé, Ikpinlè, Massè, Kpoulou, Oko-Akarè tàbí Tatonnonkon ni yóò ti lò ó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín: ẹni tó lọ ṣe é gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀, ilé tó ń padà bọ̀ wá sí àti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn náà sì gbọ́dọ̀ ti múra kó tó lọ.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú èkíní, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù kúrò, ìyókù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú èkejì, wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, wọ́n á so ó mọ́ ìfun kékeré, kí oúnjẹ má gba ibi tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Èkejì yìí ni Diego Maradona, àgbà ọ̀jẹ̀ agbábọ́ọ̀lù Ajẹntínà, lọ ṣe ní Cartagena, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ní oṣù kẹta ọdún 2005. Ayé rí i bó ṣe fọn lọ́dún yẹn. Ara náà tún padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìròyìn sì gbé e ní 2015 pé ó tún ti lọ sórí bẹ́ẹ̀dì oníṣẹ́ abẹ nítorí ọ̀rọ̀ kan náà. Owó kò wọ́n ọn, dókítà kò sì wọ́n ọn. Abẹ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, ìgbé ayé ojoojúmọ́ ló ń parí rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ẹ̀tàn, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ gbangba nítorí àwọn tó ń pè é ní ìwà ọ̀lẹ. Ní Súwídìn, láti 1987, àwọn oníṣègùn tọpasẹ̀ ènìyàn tó lé ní 2,000 tí wọ́n ṣe é, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn mìíràn tó sanra bíi tiwọn tí kò ṣe é. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2007 fi hàn pé ikú dín kù láàárín àwọn tó ṣe é. Ní ilé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń kú nídìí iṣẹ́ abẹ náà kì í tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ń pa á pọ̀ mọ́ fífa ọ̀rá lára nítorí ẹwà. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Stella Ọbásanjọ́, aya ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, kú ní ilẹ̀ Sípéènì ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2005 lẹ́yìn tó lọ fa ọ̀rá ikùn, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ sì dá dókítà náà lẹ́bi ní 2009 pé ó ṣe àìbìkítà. Fífa ọ̀rá kì í wo ìtọ̀ ṣúgà, kì í sì í yí bí ènìyàn ṣe ń jẹun padà. Síbẹ̀, ohun kan pa méjèèjì pọ̀: wákàtí àti ọjọ́ tó tẹ̀lé abẹ ni ewu máa ń yọjú, ẹni tó mọ ohun tó ń wò sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí oúnjẹ, nítorí ibẹ̀ ni ìmúrasílẹ̀ ti le jù fún ọmọ ilẹ̀ wa.

Ọkà, ẹ̀bà, àmàlà, iyán: òkèlè ni gbogbo wọn. Ọbẹ̀ ló ń gbé òkèlè lọ, ọ̀fun ló ń gbà á, eyín kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ọmọdé tó bá ń jẹ òkèlè lẹ́nu bí ẹni jẹ ẹran, àgbà á rẹ́rìn-ín, á ní kó gbé e mì. Àpòlúkù tuntun kò gba irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Àpò kékeré ti ọ̀nà kejì kò gbà ju ṣíbí ńlá méjì lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó kù nínú ọ̀nà àkọ́kọ́ kò sì ju ife tíì kékeré lọ. Òkèlè kan tí a kò rún kúnná lè há síbẹ̀. Àyà á fún ẹni náà, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀, á dìde nídìí oúnjẹ lọ bì. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ yìí gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ jíjẹ àti rírún láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú: kó bu oúnjẹ tó mọ bí orí ìka tó kéré jù, kó rún un ní ìgbà ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbé ṣíbí sílẹ̀ kó tó tún bu òmíràn. Kó má fi omi ti oúnjẹ. Á jẹun tán, á dúró fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mumi. Ìwà tí ènìyàn ti hù fún ogójì ọdún kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kó jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni yóò ti máa gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tún máa ń fún un ní ìlànà oúnjẹ kan fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ náà. Oúnjẹ ọ̀hún kì í ní ọ̀rá àti ohun dídùn púpọ̀, kí ẹ̀dọ̀ lè sún kì, kí dókítà lè rí àpòlúkù tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ń mu sìgá, wọ́n á ní kó jáwọ́. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn ẹbí máa ń fẹ́ se àsè ìdágbére fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Nígbà tó bá délé ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ohun mímu nìkan ni. Ẹ wo ìyàwó ilé kan tó ń se é: ògì ṣíṣàn tí a sẹ́ dáadáa wà nínú kọ́ọ̀bù kékeré, ó po wàrà oníyẹ̀fun mọ́ ọn, kò fi ṣúgà sí i. Ẹni náà á fi ṣíbí ọmọdé bù ú sẹ́nu, á dúró, á tún bù ú. Kọ́ọ̀bù kò tíì dé ìdajì tó ti yó. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń sọ pé, “Ọmọ mi, gbìyànjú sí i.” Ìfẹ́ ni ìyá fi ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ṣíbí kan tó lé lórí èyí tí inú rẹ̀ gbà lè sọ ọ́ sínú èébì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó kan oúnjẹ tí a gún tàbí tí a lọ̀ kúnná: ẹ̀wà tí a yọ èèpo rẹ̀, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀ tán, ẹyin. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ rírọ̀ á tẹ̀ lé e. Bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, ó lè máa jẹ nínú oúnjẹ ilé, díẹ̀díẹ̀.

Ògì nìkan kò tó o. Omi àti sítáàṣì ló pọ̀ nínú rẹ̀, ara tó ń jinná sì ń fẹ́ èròjà amúaradàgbà, nǹkan bí gíráàmù 60 sí 80 lójúmọ́. Ó dára pé ohun tí a nílò wà lọ́jà wa. Wàgàsì tí àwọn Fúlàní ń ṣe wà, sóyà wà, ẹyin wà, ẹja wà, ẹ̀wà sì wà. Ẹni náà á kọ́kọ́ jẹ ìwọ̀nyí kó tó kan ohun mìíràn nínú àwo rẹ̀. Ohun dídùn ni kó yẹra fún, pàápàá ẹni tó ṣe ọ̀nà kejì. Bí ṣúgà bá já wọ ìfun lójijì, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó fà á á rò pé ọwọ́ ayé ni.

Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa, kò sì sí òkú, ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ tí ọtí sódabì kì í dé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, ọtí máa ń yára wọ inú ẹ̀jẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan tí kò bá ọtí ṣe tẹ́lẹ̀ ti di ẹrú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún bíi méjì. Ẹ̀yin olórí ẹbí, tí ọmọ yín bá fi ètè kan ife lásán tó sì gbé e sílẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò tàbùkù àwọn baba ńlá yín.

Àṣà wa ni pé aláìsàn kì í dìde, ẹ óò tẹ́ ẹní fún un, ẹ óò ní kó sinmi. Níbí, ó gbọ́dọ̀ dìde. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà ló ti yẹ kó máa rìn yí ká yàrá, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè dì sí ẹsẹ̀ ẹni tó bá sùn sílẹ̀ ṣáá, kó sì gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Rírìn yàtọ̀ sí iṣẹ́ agbára ṣá o. Ojú ọgbẹ́ tó hàn síta lè kéré, kó jẹ́ ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò tó ìka, àmọ́ inú lọ́hùn-ún ṣì ń jinná. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kò gbọdọ̀ gbé ọpọ́n omi rù, kò gbọdọ̀ gún ẹyìn, kò gbọdọ̀ rọ́kọ́, kò sì gbọdọ̀ gbé àpò gàrí. Obìnrin ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọ̀nyí nílẹ̀ wa. Nítorí náà ọkọ, ọmọ àti orogún ni yóò pín in ṣe, kí wọ́n sì ti pín in kó tó wọ ọkọ̀ lọ.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ́ kọ́kọ́ máa rí ewu. Bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí lọ́sẹ̀ kan tàbí méjì sẹ́yìn bá wọlé tọ̀ yín wá, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, tí ara rẹ̀ gbóná, tí inú tàbí èjìká ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí omi pàápàá kò dúró nínú rẹ̀, ẹ má fún un ní oògùn ibà kẹ́ ẹ sọ pé kó padà wá lọ́la. Ó lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n rán ló ń jò. Ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ. Bó bá sì ń bì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, fítámì B1 lè tán lára rẹ̀, kí ojú rẹ̀ máa yí, kí ọpọlọ rẹ̀ sì dàrú. Abẹ́rẹ́ fítámì B1 ni kó kọ́kọ́ gbà kẹ́ ẹ tó fa omi oníṣúgà sí i lára.

Oògùn ìrora ńkọ́? Ibuprofen àti diclofenac pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn lórí àtẹ. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti gbógun ti òwò yẹn ní ọjà Adjégounlè ní Kútọnu láti 2017, síbẹ̀ ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ní oko kò ní wá dókítà lọ kó tó ra hóró méjì. Fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ àpòlúkù, pàápàá ọ̀nà kejì, àwọn oògùn wọ̀nyí lè dá egbò sí ojú ìrán, kí egbò náà sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Paracetamol ni kí wọ́n fún un. Ó yẹ kí èyí wà ní kíkọ gàdàgbà síwájú ìwé ìlera rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i lè rí i.

Fítámì ni ti gbogbo ọjọ́ ayé. Ara kò rí B12, èròjà tí ń pèsè ẹ̀jẹ̀, kálísíọ́mù àti fítámì D gbà nínú oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá pa á tì lè má mọ nǹkan kan fún ọdún kan tàbí méjì, ìgbà tí yóò bá fi mọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú tipiri. Irun máa ń re láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, ìyẹn sì máa ń padà hù. Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ fi etí sí èyí: obìnrin tó ti ń wá oyún tipẹ́ lè lóyún kíákíá bí ara rẹ̀ bá ti ń fọn. Àwọn oníṣègùn ní kí ó dúró fún oṣù 12 sí 18 kó tó lóyún. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró kò sì ṣe é gbára lé lẹ́yìn ọ̀nà kejì. Abẹ́rẹ́ tàbí èyí tí wọ́n ń fi sí apá ló dára fún un. Ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀, ẹ gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè kó má gbààwẹ̀ títí dókítà rẹ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Àwẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn kan omi lè gbé ẹni tó ń fi ẹnu díẹ̀díẹ̀ mumi ṣánlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun kan tún wà tí oògùn kò lè wò. Nílẹ̀ wa, ẹni tó sanra ni wọ́n ń kí pé ara rẹ̀ dá. Ẹni tó bá fọn lójijì, wọ́n á máa yọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ: sìdá ni, ìtọ̀ ṣúgà ti fẹ́ pa á, àwọn àjẹ́ ti jẹ ẹ́ tán. Oníṣòwò tó bá dín kílò 30 kù láàárín oṣù mẹ́fà lè pàdánù oníbàárà rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tìtorí rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ pamọ́ fún ẹbí àti nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ sì ni ewu ti ń wọlé, nítorí kò sí ẹni tó lè tọ́jú ohun tí wọn kò sọ fún un. Ìyálọ́jà Ikpinlè lè ṣe ohun tí dókítà kankan kò lè ṣe lórí èyí. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu rẹ̀ láàárín ọjà, pé ara lágbájá yá, pé dókítà ló tọ́jú rẹ̀, ti tó.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ohun tí lẹ́tà yìí ń bèèrè ga jù fún ìgbèríko. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ilé ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ló ń tọ́jú ẹni tó ṣe é fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà dókítà àdúgbò á máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìsanrajù ibẹ̀, BOMSS, ti kọ ìlànà fún dókítà àdúgbò: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo ni kó ṣe, oògùn wo ni kó yẹra fún, ìgbà wo ni kó dá a padà sílé ìwòsàn. Bébà ni. Kò gba ẹ̀rọ olówó iyebíye.

A kò tilẹ̀ ní láti lọ sí òkè òkun kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ní Pobè níbí, ilé ìtọ́jú egbò Buruli tí àjọ Raoul Follereau dá sílẹ̀ ti ń gba àwọn aláìsàn láti Ouémé àti Plateau fún bí ogún ọdún. Egbò yìí máa ń jẹ awọ ara, ó sì máa ń gba oṣù púpọ̀ kó tó jinná: oògùn, iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, wíwẹ egbò, nína apá àti ẹsẹ̀ kí wọ́n má bàa gan. Àwọn onímọ̀ tó bá ilé náà ṣiṣẹ́ gbé àbọ̀ ìwádìí jáde ní 2014 lórí aláìsàn 1,227 tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀ láàárín 2005 sí 2011. Wọ́n mọ bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn náà ṣe wà ní ọdún kan lẹ́yìn ìtọ́jú, wọ́n sì sọ ọ́ láìbò pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni kò rí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ lò dáadáa mọ́. Àwọn ará abúlé tí ọ̀nà wọn máa ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò ni wọ́n tọpasẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹkùn yìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn délé.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré sí ìyẹn. Kí ẹkùn ìlera Pobè, Adja-Ouèrè àti Kétou kọ ìwé ojú-ewé kan ní Faransé, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá àti Gùn, kí ó sọ ohun tí nọ́ọ̀sì yóò bi ẹni tó dé láti iṣẹ́ abẹ àpòlúkù, àmì ewu rẹ̀, oògùn tí kò gbọdọ̀ fún un, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní oṣù kẹta, oṣù kẹfà, ọdún kan, àti lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Kí wọ́n sọ fún gbogbo ènìyàn èyí tí wọ́n lè ṣe ní Pobè nínú àyẹ̀wò náà àti èyí tó di Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. Kí abẹ́rẹ́ B12 àti B1 máa wà nílẹ̀. Kí Mẹ́ẹ̀rì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé gbé ọ̀rọ̀ náà dé ojúlé, kí rédíò sì gbé e sáfẹ́fẹ́ ní èdè wa.

Ẹ̀yin tó ń gbèrò láti lọ, ẹ gba ìwé iṣẹ́ abẹ yín lọ́wọ́ dókítà kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀: orúkọ ohun tí wọ́n ṣe, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, oògùn tẹ́ ẹ ń lò, àti nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì yín lè pè. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá délé, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù lọ.